Aago Bàbá Mi Ò Kúrò Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Ṣe É

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí gbogbo ilé wa ní Bódìjà ló ń gbọ́ yín.

Òmùwẹ̀ ni bàbá mi. Abẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń jó irin kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Aago tí wọ́n fi ń wọ omi sọnù, ó sì dùn wọ́n gan-an. Mo wá rí ọkùnrin kan ní Olúyọ̀lé tó ń fọwọ́ ṣe irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àjàmú. Oṣù mẹ́ta ló dá fún mi. Ó ti di oṣù mọ́kànlá báyìí!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fìbínú lọ bá a. Aago ti parí, orúkọ bàbá mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ Àjàmú rì í sómi níṣojú mi, ìrì sì bo gíláàsì rẹ̀ látinú.

Ó ní, "Omi ṣì ń wọ̀ ọ́, mà. Mi ò lè fún yín."

Mo ní, "Bàbá mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Omi wo ni wọ́n tún fẹ́ wọ̀?"

"Òmùwẹ̀ ni wọ́n, mà. Wọ́n á mọ̀."

Ẹkún ni mo sun nínú kẹ̀kẹ́ délé. Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń na ọwọ́ òsì sí mi pé, "Ṣé ó ti dé?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n fipá gba aago tí kò pé, kí n sì purọ́ fún bàbá mi, àbí kí n máa dúró de olóòótọ́ èèyàn yìí, nígbà tí dókítà ti ní kò sí àkókò mọ́?