Oògùn Èjìká Inú Fóònù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn, ṣé ẹni inú ń jẹ́ kó o rí oorun sùn? Ọlọ́run tó fi í síbẹ̀ ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹkún ọmọ la ó gbọ́, a ò ní gbọ́ ẹkún ìyá. Bàbá rẹ ń kí ọ. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń bá ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò jà. Ìwé ni mo kọ sí ọ nítorí bí mo bá ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á máa bi ọ́ léèrè iye tí sìmẹ́ǹtì ń lọ, títí owó inú rẹ̀ á fi tán.

Ọ̀rọ̀ èjìká mi ni mo fẹ́ sọ. O rántí pé mo ń sá aṣọ lọ́jọ́ yẹn, tí apá òsì mi dé àárín ọ̀nà tó ní òun ò lọ mọ́, tó o sì fi owó ọsibítù ránṣẹ́. Ọlọ́run á dá a padà fún ọ lọ́nà púpọ̀. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo múra sílẹ̀ de abẹ́rẹ́, àfi bí wọ́n ṣe mú mi wọ yàrá kan tí kò ní abẹ́rẹ́, tí kò ní ìgò oògùn. Bẹ́ẹ̀dì ló wà níbẹ̀, àti bọ́ọ̀lù ńlá kan, àti bàbá arúgbó kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní àwọn ò lọ ibì kankan, orúnkún àwọn ni. Mo ní kí Ọlọ́run mú wọn débẹ̀ láyọ̀.

Ọmọbìnrin kékeré kan ni dókítà ibẹ̀, fisiotẹ́rápì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Dókítà Gbé-e-sókè ni èmi ń pè é torí kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Ó ní egungun mi ò ṣẹ́, èjìká ló gan. Ó gba fóònù mi, ó fi fíìmù obìnrin kan tó wọ ṣòkòtò sínú rẹ̀, ó ní oògùn mi nìyẹn, kí n máa lò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí n má ṣe fo ìgbà kankan.

Ọmọ mi, mo lò ó. Bí mo bá ti jẹun tán, mà á gbé fóònù ti agolo iyọ̀, mà á bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mà á wo obìnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Á fi ìka gun ògiri bí aláǹtakùn, á tẹ̀ síwájú, á máa fi apá síwá sẹ́yìn, èmi á sì máa kí i pé ó kú iṣẹ́. Kí n tó sùn, mà á gbé fóònù náà lé èjìká gan-an kó lè wọlé dáadáa. Bí mo bá ní òde í lọ, bàbá rẹ ló ń bá mi wò ó. Nígbà tó yá, wọ́n ti ń wò ó láìjẹ́ pé mo rán wọn, ni mo bá ní ó tó, èjìká tiwọn ò dùn wọ́n.

Síbẹ̀ apá ò gòkè, ńṣe ló tún le sí i. Àsìkò yẹn gan-an lo pè, tó o ní kí n jókòó sílé kí n tọ́jú ara mi, pé ìyá ọkọ rẹ ló máa wá gba ọmọ, torí ẹni tí ò lè gbé apá ò lè gbé ọmọ. Òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́, mi ò ní tàn ọ́. Àkọ́bí mi fẹ́ bímọ, kí n wá máa gbọ́ ẹkún rẹ̀ lórí fóònù?

Ni mo bá fi ìbínú padà lọ sọ́dọ̀ Dókítà Gbé-e-sókè. Mo ní oògùn rẹ̀ ti bàjẹ́, kó pààrọ̀ rẹ̀, kó fún mi ní obìnrin tó lágbára ju èyí lọ. Ó bi mí bóyá mò ń ṣe é. Mo ní mò ń wò ó, mi ò fo ọjọ́ kan rí. Ó bi mí pé ta ló wá ń gbé apá sókè. Mo ní obìnrin yẹn ni. Ó kọjú sí ògiri, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ó ń sunkún, mo ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn pé kó má sunkún mọ́. Bàbá oníkẹ̀kẹ́ pàápàá dúró.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní apá mi ló yẹ kó ṣiṣẹ́, kì í ṣe ojú mi. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún un, pé ọmọ ọmọ ni mo fẹ́ pọ̀n. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó di ìka mi mú, ó gbé e lé ògiri, ó ní kó máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, bó bá dùn mí níwọ̀nba kí n mú un mọ́ra, bó bá ta mí kí n dúró.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìka mi ò kọjá ibi ìṣó tí bàbá rẹ ń fi fìlà kọ́, mo sunkún. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ọwọ́ tiwọn lé ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a jọ ń gùn ún láràárọ̀. Wọ́n ní àwọn ń borí mi. Ẹni tí èjìká rẹ̀ méjèèjì pé ń bá aláìsàn sáré, ó sì ń yangàn! Ṣùgbọ́n mo ti kọjá ìṣó báyìí, mo ń fọwọ́ kan òkè ilẹ̀kùn. Kò tíì lọ tán o, bí òjò bá ṣú, á ṣì máa ráhùn.

Dókítà ní kí n tó pọn ohun ẹlẹ́mìí, kí n kọ́kọ́ pọn ohun tí kò lẹ́mìí. Mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ fún ìrọ̀rí, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn. Ó fi orí sọlẹ̀. Bàbá rẹ gbé e, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo tún un gbé, ọ̀já wọlé, ó dúró digbí, ni mo bá ń rìn yí ẹ̀yìnkùlé ká, mò ń kọrin fún un. Mi ò mọ̀ pé ìyàwó kápẹ́ńtà ń yọjú lórí ọgbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn obìnrin àdúgbò ti ń wọlé pẹ̀lú ọṣẹ àti páúdà, ọ̀kan tilẹ̀ ru báfù wá, pé àwọn gbọ́ pé ọmọ ti délé wa. Kàkà kí bàbá rẹ sọ òótọ́, wọ́n ní a dúpẹ́, àwọn ló jọ.

Ọmọ mi, mi ò dá ẹrù náà padà. Mo ti dì í pọ̀. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kó o sì fi díẹ̀ lé e, báfù ò ní wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́. Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ púpọ̀, sọ fún wọn pé èmi ò du ìdí ààrò mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n ṣáà fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún mi. Bó o bá sì ní kí n má wá, ìwọ ni kó o kọ̀wé sí àwọn obìnrin àdúgbò, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé ọmọ dà.

Ọlọ́run á fún ọ ní agbára ọjọ́ náà. Ọwọ́ rẹ á gbọ́mọ, ẹ̀yìn rẹ á gbọ́mọ.

Èmi ni, ìyá tó pọ̀n ọ́, tó sì fẹ́ pọn ọmọ rẹ.