Bàbá Lẹ́tà Jókòó

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹfà
Géèmù wa ti parí! Ọdún méjì gbáko! Bàbá Lẹ́tà ń gun kẹ̀kẹ́, ó ń pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé, kò wọnú ògiri mọ́. Mo pariwo débi pé ẹni tó ń gbé òkè wa ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì la máa gbé e jáde.

Ìjà kan ṣoṣo ló kù — àgádágodo. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká tì í pa, kẹ́nikẹ́ni má baà ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Alágádágodo. Mo ní ẹni tó máa jí i á jí i, ẹni tó rà á la máa dà láàmú. Ó ní ṣé ọ̀fẹ́ ni mo fẹ́ máa ṣiṣẹ́ títí láé ni? Ó dùn mí, torí òun náà ò parọ́.

Ọjọ́rú, 4
A ti rí ọgbọ́n dá sí i! Ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà míì, á ṣí fún un, á máa ṣiṣẹ́ — àmọ́ tó bá dé ojúlé kẹta, Bàbá Lẹ́tà á gbé kẹ̀kẹ́ tì, á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á ní, "Ó ti rẹ̀ mí." Ó tán. Kò ní dìde mọ́. Èmi ni mo ya bó ṣe ń nu òógùn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Ó TI JÁDE! Àǹtí mi ló kọ́kọ́ rà á — àbúrò màmá mi, nọ́ọ̀sì, àwọn ló ra kọ̀ǹpútà tí mo kọ́kọ́ ní. Wọ́n ní àwọn ò mọ géèmù kankan o, àwọn kàn fẹ́ rí ohun tọ́mọ àwọn ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Wọ́n ń rà á! Mo ń ka iye wọn ní wákàtí-wákàtí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Ímeèlì ń rọ́ wọlé. "Bàbá Lẹ́tà yín jókòó, kò dìde." Ẹ gbà mí o, olè ń fẹjọ́ ara ẹ̀ sùn! Alágádágodo ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ lọ ra tiyín, á dìde." Èmi náà bá a kọ méjì. Ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 12
Mo yà kí Àǹtí. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn, tíì wà lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà wà níwájú. Bàbá Lẹ́tà jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Mo sáré nawọ́ sí kọ̀ǹpútà náà.

Wọ́n ní kí n rọra, ó ń sinmi. Láti ọjọ́ mẹ́ta làwọn ti ń jókòó tì í tí àwọn bá dé láti ibi iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn mọ ẹni tó bá rẹ̀, kì í ṣe ẹni à ń fipá gbé dìde, tá a bá ní sùúrù fún un, á dìde fúnra ẹ̀. "Èèyàn gidi lo ṣe yìí, ọmọ mi."

Mo bi wọ́n bóyá kọ̀ǹpútà yẹn bàjẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn gbé e lọ tún ṣe lọ́jọ́ Ajé, ẹni tó tún un ṣe sì pààrọ̀ ohun tó wà nínú ẹ̀. Àgádágodo wa rò pé kọ̀ǹpútà míì ni. Mo fa àga. Mo jókòó tì wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Mo ròyìn fún Alágádágodo. Kò jiyàn. Ó mú orúkọ àwọn tó rà á, ó fi wé orúkọ àwọn tá a bú. Mọ́kànlá nínú wọn ló rà á. Ọ̀kan wà nínú méjì tèmi. Ó gbórí lé tábìlì.

Ọjọ́ Ajé, 16
Àgádágodo ti lọ! Òun fúnra ẹ̀ ló pa á rẹ́, mi ò tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó tún ní ká má yọ ìjókòó yẹn. Àtẹni tó rà á, àtẹni tó jí i — Bàbá Lẹ́tà á jókòó fún gbogbo wọn. Alẹ́ òní ni àtúnṣe yìí á wọlé sórí kọ̀ǹpútà wọn. Tó o bá ń tẹ bọ́tìnnì wàrà-wàrà, kò ní dìde. Tó o bá jókòó tì í jẹ́ẹ́, á dìde. Mo dì mọ́ ọn, àga fẹ́rẹ̀ẹ́ dà wá nù!

Ọjọ́rú, 18
Àǹtí pè. Wọn ò tiẹ̀ dúró kí n kí wọn.

"Ó ti dìde! Ṣé mi ò sọ fún ẹ!"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí, ẹ sọ fún mi.