Sí Ọkọ Mi Tí Kì Í Tẹ Etí Ọ̀nà

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí ẹ kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́ ìhun-òwú lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì wà láyé. Bàbá Onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ yín, ṣì wà láyé. Ológbò wa olójú kan ṣì wà láyé, orí ohun tí ẹ bá ń hun ló sì máa ń sùn sí kí ẹ tó hun ún tán. Ẹ̀yin náà wà láyé, dírẹ́bà àgbà, ẹ jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé, ẹ ń bú òwú bí ẹni ń bú ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò gun òkè.

Ọdún márùn-ún pé lónìí tí àga yẹn ti ṣófo. Ọdún márùn-ún! Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, mo máa ń sọ fún un pé ẹsẹ̀ àga náà kan ti ń mì. Irọ́ ni. Kò sí ohun tó ṣe àga.

Ọ̀rọ̀ irọ́ gan-an ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Mo purọ́ fún yín fún ọdún mẹ́ta gbáko, ọkọ mi, ọdún márùn-ún sì rèé tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa dá yín lóhùn. Àwọn ọmọ ní kí n jẹ́ kí àwọn bá mi kọ ọ́, mo ní rárá. Ìwé tí mo mọ̀ kò ju èyí tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìdí àwọn èèyàn sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹni, ẹnu ẹni la fi ń rò ó.

Ṣé ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Dókítà wo ojú yín, ó ní ẹ ò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Ogójì ọdún lórí ọkọ̀ akẹ́rù, ó parí láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ délé, ẹ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo gbé tíì fún yín. Ẹ mu tíì tán, ẹ di àwo pẹlẹbẹ abẹ́ ife mú lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì. Mo rò pé eré ni. Ọjọ́ kejì, àwo. Ọjọ́ kẹta, àwo. Lọ́jọ́ kẹrin mo rí yín tí ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ bojú wẹ̀yìn dáadáa, kí ẹ tó gbé ife padà sórí tábìlì. Mo wọ yàrá ìránṣọ mi lọ, mo sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú abẹ́rẹ́ kíróṣè wá, èyí tí ẹnu rẹ̀ kọ́ bí ìwọ̀ ẹja, àti òwú àwọ̀ ewé. Inú kọ́kọ́ bí yín. Ẹ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo ti di ìyá ọlọ́mọ ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Rárá o. Ẹ ti di ẹni tó ń wa àwo.”

Mo ní ó parí, ìjà dé. Àfi bí ẹ ṣe bú sẹ́rìn-ín! Láti ìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ gba abẹ́rẹ́.

Ká sòótọ́, ọwọ́ yín yá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú òwú yín ti ń tò tẹ̀ léra bí eyín ọmọdé. Àléébù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹ kì í dé etí. Ẹ ó hun ìlà kan lọ geere, bó bá ku ojú kan péré kí ẹ kan etí aṣọ, ẹ ó ṣẹ́rí padà. Ìlà tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹni tó bá sì ń fi ojú kan sílẹ̀ nígbà gbogbo, aṣọ rẹ̀ á kàn máa tín-ín-rín lọ ni, títí yóò fi di ṣónṣó.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ọkọ àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé etí kí ẹ tó yí padà.”

Ẹ bọ́ gíláàsì ojú. Ẹ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ogójì ọdún ni mo fi wakọ̀, mi ò fi táyà tẹ etí ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́, inú kòtò la ti ń fà wọ́n jáde. Ṣé orí òwú lẹ wá fẹ́ kí n ti já sí kòtò lọ́jọ́ ogbó?”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Èmi wo òrùlé.

Ìborùn ni ẹ kọ́kọ́ hun, ẹ fi ta Bàbá Onígbàjámọ̀ lọ́rẹ. Ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn níbẹ̀rẹ̀, ó parí bí ìrù eku. Bàbá náà gbà á tọwọ́ méjèèjì, ó wé e mọ́rùn níṣojú yín, ó dúpẹ́ títí. Lọ́sẹ̀ kejì mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìborùn yín wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ti fi ìrù eku yẹn so ilẹ̀kùn mọ́ ìṣó kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a dé, ó sì ń fi ibi tó fẹ̀ nu dígí. Àwọn tó ń dúró de irun gígẹ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ọkọ̀ tán lọ́wọ́ dírẹ́bà, ó wá ń hun àsíá.”

Kì í ṣe ẹ̀rín wọn ló dùn mí. Àwo ni mo ń rò. Mo mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yẹn bá fi lè dé etígbọ̀ọ́ yín, ẹ ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ẹ ó padà sídìí àwo, a ò sì ní rí yín gbà padà níbẹ̀ mọ́ láé.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ hun ìborí bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ wa àgbà, olùkọ́, tí ẹ ní kí n fọ̀ ọ́, kí n lọ̀ ọ́, kí n fi bébà wé e, mo gbé e wọ yàrá ìránṣọ, mo ti ilẹ̀kùn. Ẹ so ìdí òwú náà le bí okùn ẹrù. Mo fi eyín já a, mo bú u, mo bú ẹni tó so ó, mo tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà mo fà á. Fíríríírí! Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tú lójú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un hun, mo sì ń dé etí.

Ṣùgbọ́n ẹ wà ní pálọ̀, ojú yín ló ṣe bàìbàì, etí yín ò ṣe nǹkan kan. Bí máṣíìnì mi ò bá dún, ẹ ó béèrè ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀. Ni mo bá gbé ẹsẹ̀ lé ìtẹ̀sẹ̀ máṣíìnì, mo ń tẹ̀ ẹ́ lófìfo. Ọwọ́ ń hun, ẹsẹ̀ ń purọ́. Ọdún mẹ́ta! Aṣọ tí kò sí láyé tí ẹsẹ̀ mi rán nígbà náà, ó tó bo gbogbo ará ìlú kan.

Ọjọ́ tí ẹ fún ọmọ wa ní ìborí náà, igun mẹ́rin ló ní, ó dọ́gba bí ìwé. Ẹ fi ọwọ́ wá etí rẹ̀ yíká. Ẹ ní, “Ó mà fẹ̀ sí i o.”

Mo ní omi gbígbóná ni, pé òwú tó dáa máa ń fẹ̀ bó bá rí omi gbígbóná. Kí Ọlọ́run má ṣe bínú sí mi.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó bímọ, tó gbéyàwó, tó kó wọ ilé tuntun, tàbí tó yọ eyín pàápàá, tí ẹ ò hun nǹkan fún. Ìbọ̀sẹ̀ fún káfíńtà. Ìborí ìkòkò tíì fún obìnrin ilé kejì. Fìlà fún gbogbo àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ yín. Fìlà tí ẹ bá hun máa ń jáde bí àrọ tí wọ́n fi ń da epo, èmi á sì sọ ọ́ di fìlà. Bàbá Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ yín pé kí ẹ hun ìborùn mìíràn fún òun, pé ti àkọ́kọ́ ti sọnù. Ẹ dá a lóhùn bí ọ̀gá: “Tò sẹ́yìn. Èèyàn méje ló wà níwájú rẹ.”

Ẹ wá ń kọ́ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́! Ẹni tó kọ́ yín! “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wá rí i pé èèyàn ò nílò kó dé etí?” Ẹ̀gbọ́n mi á fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ á máa mì. Bí àwọn èèyàn bá sì yìn yín, ẹ ó nawọ́ sí mi, ẹ ó ní, “Ẹ má yìn mí nìkan. Ẹ yin omi ìyàwó mi. Irú omi bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀.” Èmi á rẹ́rìn-ín, màá sì yára dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀.

Nǹkan ti yí padà púpọ̀, bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé yín lọ́dún kejì. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa bá iyàn etí lọ lọ́hùn-ún. Bàbá Onígbàjámọ̀ náà ti lọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń gẹ irun níbẹ̀ báyìí, ìborùn kejì yẹn ló sì máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ bí òtútù bá mú. Ológbò kú, a ti gba òmíràn, ojú rẹ̀ pé méjì, ṣùgbọ́n kò gbọ́n tó olójú kan. Òrùlé ilé ìdáná tí ẹ fi ọdún mọ́kànlá sọ pé ẹ ó tún ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ti tún un ṣe. Ọjọ́ méjì péré ló gbà wọ́n! Ọmọ wa àgbà ti di ọ̀gá ilé ìwé, ó sì ń pàṣẹ fún mi bí ẹni ń pàṣẹ fún ọmọ kíláàsì. Èmi ṣì ń ránṣọ díẹ̀díẹ̀: àpò ìwé fún àwọn ọmọ-ọmọ, aṣọ ìdáná fún ẹni tó bá gbéyàwó. Aṣọ gidi ló ń wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ báyìí.

Àbígbẹ̀yìn wa bí obìnrin, oṣù méjì lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ọmọ náà máa pé ọdún márùn-ún láìpẹ́. Àgídí rẹ̀, tiyín ni, kò sí tèmi níbẹ̀. Ó ní kúbùsù kan tó jẹ́ onígun mẹ́ta, kì í sùn láìsí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á so ó mọ́ ọrùn, á máa sáré yí pálọ̀ ká, ó ní òun ń fò. A ra onígun mẹ́rin fún un, ó yẹ̀ ẹ́ wò tẹ̀yìn tojú, ó ní, “Màmá àgbà, eléyìí ò mọ̀ ọ́n fò.”

Ẹ ti mọ kúbùsù tí mò ń wí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ hun ún tán, oòrùn wọlé látojú fèrèsé. Ẹ jẹ búrẹ́dì, ẹ ní wọ́n ti ń ṣe é kéré sí i, bí ẹ ṣe máa ń wí lójoojúmọ́. Ẹ hun títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹ wá pè mí. Kúbùsù ọmọ tí a kò tíì bí ni. Ó fẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó ṣe ṣónṣó nípẹ̀kun. Mo nawọ́ gbà á, mo ní, “Mo máa fọ̀ ọ́, mo máa lọ̀ ọ́.” Ẹ ò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ẹ ní, “Ìyàwó mi, mi ò so ìdí eléyìí o.”

Mo ní, “Kí ló dé?”

Ẹ ní, “Kó má baà ni ọ́ lára láti tú. Ti bẹ́ẹ̀dì ìjọ́sí, mo so ó le jù. Mo gbọ́ gbogbo bí o ṣe bú mi.”

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ kọjú sí fèrèsé. Ẹ ní, “Máṣíìnì tó ń ránṣọ máa ń dúró kí wọ́n yí aṣọ padà. Tìrẹ kì í dúró. Dírẹ́bà ni mí, ìyá. Mo mọ ẹ́ńjìnì tí kò wọ jíà.”

Ìtìjú gbé mi. Mo gbá kúbùsù mọ́ra, mo sá wọ yàrá ìránṣọ, mo ti ilẹ̀kùn. Mo di ìdí òwú yẹn mú. Bí mo bá fà á báyìí, ó tán. Ẹsẹ̀ mi ò kan máṣíìnì. Ẹ ké láti pálọ̀: “Ẹ́ńjìnì ò dún lónìí?” Mi ò dáhùn. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Mo gbọ́ tí ẹ tún rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ tí àga dún, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Nígbà tó yá mo so ìdí òwú náà, kókó méjì, mo gé e. Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbé kúbùsù náà dání bó ṣe wà, kí n fi hàn yín pé mi ò tú u, pé igun mẹ́ta tó fún ọmọ yẹn.

Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin tí kì í dé etí, ọjọ́ yẹn lẹ dé e, ẹ ò sì dúró gba èsì.

Èsì náà rèé, ọkọ mi. Mo fẹ́ràn yín, àárò yín ń sọ mí lójoojúmọ́ ayé, mi ò sì tú ojú kan níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìkan ni mo so.