Ẹ̀rọ Atọ́nà fún Kẹ̀kẹ́ Ọ̀gá Lẹ́tà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọ̀gá Lẹ́tà tún ṣìnà lónìí. Kò jìnnà rárá — òpópónà méjì péré sí ẹnu ọ̀nà wa. Oníbúrẹ́dì ló bá a ní oríta, ó fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ọmọ tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò kà. Ó bá a rìn wálé, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, kó má baà dà bíi pé ṣe ló ń mú un bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ọkọ mi rèé o! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà nílùú yìí. Kò sí ilé tí kò mọ nọ́ńbà rẹ̀, kò sí ajá tí kò mọ òórùn rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọ̀gá Lẹ́tà kí n tó fẹ́ ẹ. Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọwọ́ padà, ẹsẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu. Ìmọ̀ ọ̀nà nìkan ni kò padà. Ó lè gun kẹ̀kẹ́ dáadáa, ó ń rí mọ́tò, ó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Àmọ́ tó bá ti dé oríta, gbogbo ọ̀nà á jọra lójú rẹ̀ bí ìbejì.

Àkọ́bí wa pè nírọ̀lẹ́. Ó ní ká ta kẹ̀kẹ́ náà. Ohùn rẹ̀ ròkè nínú fóònù, bàbá rẹ̀ sì gbọ́. Mo ní a ò tà á. Ó ní kí wá la fẹ́ ṣe? Mo ṣáà ní a ò tà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Kò jáde. Ó nu kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ dọ̀sán, bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ ò dọ̀tí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo rò pé mo gbọ́n. Èmi aránṣọ — aṣọ nọ́ọ̀sì àti aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń rán nínú yàrá iwájú — tí mo bá de nǹkan, kì í tú. Mo mú rọ́bà tí mo máa ń fi sí ìbàdí ṣòkòtò, mo fi de fóònù mi mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo ṣí maapu, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Kò tú lóòótọ́. Àmọ́ oòrùn ràn sójú fóònù, kò rí nǹkan kan. Obìnrin tó ń júwe ọ̀nà nínú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ibi tí ó ti ń gbìyànjú láti gbọ́ ọ, oníbàárà mi kan pè pé ṣé yẹ̀rì òun ti parí. Maapu pòórá. Nígbà tí mo fi bá a, Ọ̀gá Lẹ́tà wà ní oríta, ó ń ṣàlàyé yẹ̀rì fún obìnrin olóbìnrin.

"Mo ti sọ fún un pé ó di ọ̀la," ló wí fún mi. Ojú rẹ̀ le koko. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọjọ́ ìtọ́jú. Obìnrin tó ń bá a na iṣan — Na-Ọwọ́ ni mo ń pè é, torí òun ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ jù lọ — mo fà á sí kọ̀rọ̀, mo bi í pé ṣé ìmọ̀ ọ̀nà yìí máa padà. Kò purọ́ fún mi. Ó ní ó dà bíi dúrọ́ọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ti já: ẹrù wà nínú, kò sí ohun tí a ó fi fà á. Ó ṣeé ṣe kó má padà mọ́.

Ó wá ní, "Àbí Màmá, ẹni tí ojú ń dùn, ṣé kì í lo awò ni?" Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan wà tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ń so mọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. Sátẹ́láìtì ló ń fi mọ ibi tí èèyàn wà, á sì máa sọ ibi tó máa yà sí ní oríta kọ̀ọ̀kan.

Mo jókòó síta níbẹ̀, mo kọ ohun tí Ọ̀gá Lẹ́tà nílò sẹ́yìn káàdì ìtọ́jú. Ọfà ńlá tí oòrùn ò lè pa. Kó dún KÓ TÓ dé ibi yíyà, kì í ṣe ìgbà tó bá kọjá tán. Bọ́tìnnì gidi — ìka òsì rẹ̀ ṣì ń kú díẹ̀, ojú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ pa kò ní gbọ́ tirẹ̀. Tó bá ṣì í yà, kí ẹ̀rọ náà mọ̀, kó wá ọ̀nà míì fún un. Kó sì mọ níwọ̀n ohun tí mo ti kó jọ fún máṣíìnì ìránṣọ tuntun. Máṣíìnì lè dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn oníkẹ̀kẹ́, ilé onígíláàsì, kẹ̀kẹ́ rọ̀ sára ògiri bí ẹran lọ́jà. Onítáì kan dá mi lóhùn. Ó ní ṣé ọmọ mi ni mo fẹ́ rà á fún. Mo ní ọkọ mi. Ó gbé ẹ̀rọ ńlá kan jáde: ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó ń wọn òkè, ó ń wọn atẹ́gùn. Ó ní ṣé ọkọ mi máa ń bá wọn díje ni?

"Rárá o. Ó kàn fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ padà délé ni."

Iye rẹ̀ tó máṣíìnì mẹ́ta. Mo ní kó gbé e padà jẹ́jẹ́. Ó wá mú èyí tó rọjú jáde, ó ní "òun náà ń tọ́ni sọ́nà." Mo ní kó tàn án, kó fi ohun tó ń ṣe ní oríta hàn mí. Ó tẹ̀ ẹ́ títí. Ìlà dúdú kan lórí funfun, àti àmì bíńtín kan. Ó tán. Kò sí ọfà, kò sí orúkọ òpópónà, kò dún. Ó ní, "Ìlà yẹn ni wọ́n á máa tẹ̀ lé, Màmá."

Mo ní, "Ọmọ mi, ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí aṣọ. Ẹni tí kò mọ aṣọ, ìlà ò lè kọ́ ọ níbi tó máa gé."

Ọkùnrin kan tó ń yẹ táyà wò lẹ́yìn wa pàtẹ́wọ́. Mo jáde lọ́wọ́ òfo, àmọ́ orí mi wú. Mo gbé àpò mi bí ọlọ́lá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo ti di ọ̀mọ̀wé. Tí mo bá rán apá kan tán, mo máa ń ka ojú ewé kan lórí fóònù. Ohun tí mo ti mọ̀: kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tó ní "maapu" ló ní maapu. Omíràn ní ọfà, àmọ́ tó bá ṣì í yà, àfi kó lọ bẹ fóònù kó tún ọ̀nà ṣe. Ìyìn oníṣòwò, mi ò kà á. Ẹjọ́ àwọn tó ti rà á ni mo ń kà. Níbẹ̀ ni òótọ́ wà.

Ó ku méjì. Mo sọ wọ́n lórúkọ. Pẹlẹbẹ rẹwà, àmọ́ fóònù ló ń ronú fún un. Kúkúrú burẹ́wà, àwọ̀ inú rẹ̀ ò pọ̀, tọdún tó kọjá ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dín owó rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì márùn-ún ló ní, bátìrì rẹ̀ lè lo odidi ọjọ́, ó sì ń dá ọ̀nà míì wá fúnra rẹ̀. Mo kọ ìbéèrè méje ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á. Ó dáhùn mẹ́fà, ó ní òun máa lọ béèrè ìkeje.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Àkọ́bí wá. Ìjà ni. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí mọ́tò pa Bàbá ni?" Mo ṣàlàyé títí, kò gbọ́. Ó ní ẹ̀rọ ò ní làákàyè. Ó ń sunkún, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lójú bàbá rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dá a dúró. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń falẹ̀ díẹ̀. "Ọmọ mi, èmi ò sọnù. Ọ̀nà ló sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Jẹ́ kí ìyá ẹ bá mi wá a."

Mo wọ yàrá iwájú lọ, mo ra Kúkúrú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Kúkúrú dé lánàá. Kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ. Lónìí, òpópónà dákẹ́, a gbé e jáde. Mo ti ya ọ̀nà sínú rẹ̀: láti ilé dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, yíká pápá, padà sílé. Mo dúró ní oríta àkọ́kọ́.

Ó ń bọ̀. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí — tíì! tíì! Ọfà ńlá, apá òsì. Kò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ síta bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì yà. Ó yà bí omi. Mo pariwo "Ó káre!" láàárín títì, èmi àgbàlagbà.

Ní ìyípo kejì, ó mọ̀ọ́mọ̀ yà síbi tí kò yẹ. Kúkúrú ké, ó ronú díẹ̀, ó fi ọfà míì hàn án. Ó padà wá bá mi. Ó ní, "Alábẹ́rẹ́" — orúkọ tó máa ń pè mí nìyẹn — "kò bú mi o!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Oṣù kẹjọ rèé tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Wàhálà. Kúkúrú gbé e dé ibi àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn olókùúta, mọ́kànlélógójì, ó kà á. Ó gbé kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀, eékún bó. Ó sọ Kúkúrú sínú dúrọ́ọ̀ ṣíbí, ó ní òun ò ṣe mọ́, àkọ́bí ló gbọ́n.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kì í ṣe ẹ̀bi Kúkúrú, ẹ̀bi mi ni. "Ọ̀nà tó kúrú jù" ni mo yàn fún un. Ọ̀nà tó kúrú jù lójú ẹ̀rọ ni ti ẹlẹ́sẹ̀. Mo yí i sí ti kẹ̀kẹ́. Mo jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá Lẹ́tà. Ó wò mí títí. Ó ní aṣọ tí aránṣọ rán tó kù díẹ̀ káàtó, ṣé wọ́n máa ń sọ ọ́ nù ni? Ó lọ ṣí dúrọ́ọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Na-Ọwọ́ ní kí n wá bá àwọn aláìsàn míì àti àwọn ará ilé wọn sọ̀rọ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án. Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́fà! Mo sọ ohun tó yẹ kí wọ́n bi oníṣòwò, mo sọ ti àtẹ̀gùn, mi ò fi ṣe àbùkù. Bàbá arúgbó kan ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá Lẹ́tà jókòó lẹ́yìn, ó ń wo ojú àwọn èèyàn bóyá wọ́n ń fetí sílẹ̀.

Lọ́nà ilé, ó ní òun máa dá lọ sọ́dọ̀ àkọ́bí lọ́la. Kìlómítà méjìlélógún, òdìkejì odò. Mi ò sọ pé kó má lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó jáde ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Mo ti ya ọ̀nà náà, a ti jọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò tẹ̀ lé e.

Ó yẹ kó dé ní mẹ́wàá. Mẹ́wàá lù. Mẹ́wàá ààbọ̀. Àkọ́bí pè: kò tíì dé. Kò bá mi jà, ìyẹn ló wá já mi láyà jù. Mo pe Ọ̀gá Lẹ́tà, kò gbé e. Mo jókòó sórí àpótí òwú.

Mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún. "Alábẹ́rẹ́. Mo ti dé."

Wọ́n ti afárá ni. Wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n fi irin dí i pátápátá. Kúkúrú ò mọ̀. Ó yí padà, Kúkúrú tún fà á wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá òṣìṣẹ́ kan tó dé akoto. Ó sì sọ ohun tí kò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àjèjì kankan láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti dé. Ó ní: "Agbélẹ́tà ni mí nílùú yìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àìsàn gba ọ̀nà lórí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe fún mi bí ẹ ṣe máa júwe fún àlejò."

Ọkùnrin náà gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bá a rìn dé etí omi. Ó ní kó jẹ́ kí odò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ títí tó fi máa rí afárá pupa. Bó ṣe di ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì náà mú bí ìlérí nìyẹn, ó ń wo odò, fóònù ń dún nínú àpò, kò gbé e torí kò fẹ́ gbójú kúrò lára omi. Ó sọdá. Kúkúrú ké tíì, ó ti rí ọ̀nà tuntun.

Ẹ̀rọ ni mo fi ìbéèrè méje yàn. Ẹnu tó fi béèrè ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ló ni ín. Mi ò mọ èyí tí mo fi ń yangàn jù nínú méjèèjì.

Ní agogo kan, àkọ́bí tún pè. Ó ní bàbá òun ti jẹun, ó sì ti fọ́nnu nípa mi fún ọkọ òun. Ó ní òun sọ fún un pé òun á fi mọ́tò gbé e padà, ó kọ̀.

Mo ní, "Kí lo wá wí?"

"Mo ti lọ ṣí géètì fún un, Màmá."

Agogo méjì ti kọjá díẹ̀ báyìí. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé mi kẹ́yìn: ọkọ mi wà lójú ọ̀nà, ó ń bọ̀ wálé.