Fìlà Joost Nínú Àpò Ọkọ Mi

                                                            Huisduinen,
                                                            Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n,
                                                            Oṣù kẹjọ, ọdún 1673.

Ẹ̀gbọ́n mi Machteld ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lẹ wà ní Leiden? Màmá wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ ráyè hunṣọ? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ ó ti gbọ́ pé ọkọ̀ ogun wa àti ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kojú ara wọn lójú òkun wa níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lọ́jọ́ náà, láti àárọ̀ ni ìbọn ńlá ti ń dún, tí àwo ń gbọ̀n lórí pẹpẹ. Gbogbo wa gun òkè iyanrìn lọ wòran, ṣùgbọ́n èéfín nìkan la rí. Wọ́n ní àwọn tiwa lé wọn lọ. A dúpẹ́.

Meindert ọkọ mi ti dé láti ọjọ́ Ẹtì, kò fara pa rárá. Àmọ́ Joost àbúrò wa, tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà, kò bá a dé. Mo bi í léèrè, ó ní wọ́n ti mú un lọ sínú ọkọ̀ mìíràn. Nígbà tó di àsìkò oúnjẹ, ó ní Joost dúró sí Texel, wọ́n ń tún òpó ọkọ̀ ṣe. Mo ní, "Ẹnu mélòó lo ní, Meindert?" Ó ní, "Trijntje, jẹ́ kí n jẹun, jọ̀ọ́." Bẹ́ẹ̀ kò jẹun. Ẹja oníyọ̀ tó fẹ́ràn ni o!

Kì í ṣe ojú lásán. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láàárọ̀ yìí tí mo ń kó aṣọ rẹ̀ láti fọ̀, mo rí fìlà Joost nísàlẹ̀ àpò rẹ̀, fìlà aláwọ̀ eérú tí ẹ hun, tí ẹ fi òwú aláró parí nígbà tí òwú tán. Ṣé tẹ́tẹ́ ló fi jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà ni? Àbí ó jí i? Mo mọ̀ pé mo fẹ́ atukọ̀, n kò mọ̀ pé olè ni mo fẹ́. Mo ń lọ bá Màmá Lijsbet, opó atukọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, kí n tó kò ó lójú.

Mo ti padà dé, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Màmá, Meindert jí fìlà àbúrò mi." Inú bí wọn. "Pa ẹnu ẹ mọ́, ọmọ ìdí òfì! Meindert kì í ṣe olè. Ìdí òpó ọkọ̀ ló ti rà á, níṣojú gbogbo wọn; àwọn tó rí i ló sọ fún mi."

Mo ní, "Ta ló tà á? Joost ò lè ta fìlà yẹn láé."

Ni Màmá bá fọwọ́ bo ẹnu.

Àwa ará Leiden kò mọ àṣà yìí. Bí ẹnì kan bá kú lójú omi, ìdí òpó ni wọ́n ti máa ń ta ẹrù rẹ̀ fún àwọn tó kù, kí owó rẹ̀ lè dé ọwọ́ ẹbí.

Ọta ìbọn ló pa Joost. Meindert jẹ́wọ́ fún mi, kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ ni. Ó ní àwọn mìíràn náà ń du fìlà náà nítorí òtútù, àmọ́ nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń sunkún, wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ojú tì mí, ọkàn mi sì gbọgbẹ́.

Tákàdá wọ́n níbí, n kò lè kọ òmíràn. Mo mọ̀ pé Màmá wa á ní kí ẹ ka lẹ́tà yìí sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ibi tí mo ti ń bú ọkọ mi, kí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. N ó mú fìlà náà dání.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ.

                                                            Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo tó kù,
                                                            Trijntje.