Àpò Kòròfo Ọta tí Àna Mi Tà fún Mi

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Orí mi gbóná! Ẹgbẹ́ ọdẹ ní kí n ra kòròfo ọta onídẹ wá, kí a lè tún un kì fún ìṣọ́ oko. Èmi náà ni mo fẹnu ara mi sọ pé bàbá ìyàwó mi ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ní àpò kan.

Mo dọ̀bálẹ̀, bàbá gbé àpò náà fún mi. "Gbé e lọ ulé, ọmọ mi. Mo ti bá ọ ṣà á." Ta ló máa tú àpò àna rẹ̀ lójú rẹ̀, tí á máa yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan? Mo sanwó, mo tún dọ̀bálẹ̀.

Ilé ni mo ti tú u. Ẹnu èyí ti là, ìdí tọ̀hún ti lu, òmíràn ò tilẹ̀ bá ìbọn wa mu. Èyí tó là yẹn lè bú mọ́ ọdẹ lọ́wọ́!

Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. "Bí ẹ bá láyà, ẹ lọ dá a padà fún bàbá mi."

Ibi tí mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún ẹgbẹ́ ni bàbá ti pè mí. "Ṣé ó dára?"

"Ó dára gan-an, Bàbá."

"Mo mọ̀. Mo ti ń ṣa àpò kejì fún ọ."

Èmi àgbà ọdẹ yìí, mo dọ̀bálẹ̀ fún fóònù.