Ohùn Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Glasgow, 1997

Màámi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó bá yín nílé. Kí Sàwúdátù rọra ka ìwé yìí fún yín. Ara mi ti yá, òtútù ìlú yìí nìkan ló ń bá mi jà.

Mi ò tíì padà sójú omi. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ló gbà mí síṣẹ́ báyìí, iṣẹ́ náà ò sì le. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣe bí ọkọ̀ ojú omi tó ń jóná. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé nǹkan bí akoto bojú, á rí iná, á rí èéfín, ṣùgbọ́n ooru ò ní mú un. Á pa iná náà, á sì wá ẹni tó há sẹ́yìn ilẹ̀kùn jáde. Ohùn ẹni yẹn, èmi ni.

Èdè Twi ni mo fi ké e nígbà tí wọ́n ń gba ohùn mi sílẹ̀: "Mewɔ ha, mewɔ ha." Mo wà níbí. Ọ̀gá bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀. Mo ní ibùdókọ̀ Kejetia ni, níbi tí mo ti ń pe èrò sí ọkọ̀ trotro. Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí ò bá tètè dé ìdí ilẹ̀kùn á tún un ṣe, títí á fi ṣí i.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kẹ́ ẹ sì kí ìyá Kwasi, ọ̀rẹ́ mi. Ohun tí mo sọ fún wọn lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi wa jóná náà ló ṣì wà: Kwasi ń sùn lọ́wọ́ ni nígbà tí iná pa á, kò ké rárá.

Èmi ọmọ yín,
Jímọ̀h